Wẹ́bùsáìtì ni àbí áàpù: èwo ló bá òwò yín mu n'Ìbàdàn?

Àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Gbági kó ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta síwájú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní áàpù ló kù kí n ṣe. Èló lo máa gbà lọ́wọ́ mi?”

Mo ṣí èyí tó wà lókè. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kọ sí orí ewé náà, orúkọ àwọn tó fẹ́ aṣọ ẹbí sì tò sísàlẹ̀: yáàdì mélòó, èló ni wọ́n ti san, èló ló kù. Bíírò pupa ló fi kọ ti ẹni tó jẹ gbèsè, búlúù ló fi kọ ti ẹni tó ti san tán. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tàlá wà níbẹ̀ tí kò pupa, tí kò búlúù, pẹ́ńsù ló fi fa ìlà sí wọn nídìí. Mo bi í léèrè.

“Gbogbo wọn ní àwọn ti san,” ló wí. “Owó náà sì wọlé lóòótọ́. N ò kàn mọ ti ta ni ti ta ni. Orúkọ tó wà nínú àlátì kọ́ ló wà nínú ìwé mi. Ọkọ lè sanwó fún ìyàwó, ọmọ lè san án fún ìyá rẹ̀ láti Èkó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe wẹ́bùsáìtì àti áàpù fún àwọn oníṣòwò nílùú yìí, iye owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bí ẹni pé ọjà kan ṣoṣo ló wà lórí àtẹ. Ọjà náà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó wà fún. Ẹni tí kò tíì mọ̀ yín ni wẹ́bùsáìtì wà fún. Ẹni tó ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ni WhatsApp wà fún. Ẹni tó máa ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni áàpù wà fún. Ọ̀dọ̀ èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni owó ti ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ná owó sí.

WhatsApp tó ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀ lójú yín. WhatsApp Business jáde lọ́dún 2018, ọ̀fẹ́ ni, ọjà 500 ni kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ sì lè gbà. Ó tún gba ohun kan tí wẹ́bùsáìtì kì í gbà: ìnájà. Oníbàárà ará Ìbàdàn tí kò bá tíì sọ pé “ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀” kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rajà. Ẹni tó ń ta àga, tàbí aṣọ òkè l'Ọ́jẹ̀ẹ́, níbi tí ẹni méjì kì í ti í san iye kan náà, máa pàdánù tó bá lẹ iye owó mọ́ ọjà tó sì ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀.

Ó ní ibi tó ti ń kọsẹ̀. Bróòdùkáàsì kan, ìyẹn ìránṣẹ́ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbà ju ẹni 256 lọ, ẹni tó bá sì ti tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Ẹni tó dé láti Òṣogbo lónìí, tó ń wá jẹnẹrétọ̀ nítòsí Ìwó Road lórí Google, kò lè ṣèèṣì bọ́ sínú WhatsApp yín. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sórí Google Maps fúnra yín. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó fún èmi tàbí ẹlòmíràn.

Ilé onílé sì ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn tí gbogbo ọjà wọn wà níbẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán ni.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọ̀n ọ́n nìyí: tí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì lè dáhùn gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí yín kó tó lọ sùn, tí ẹ sì mọ gbogbo ẹni tó jẹ yín lówó láìwo ìwé, WhatsApp ṣì tó yín. Ẹ tọ́jú owó yín.

Orí àtẹ ẹlòmíràn

Fún àwọn olóúnjẹ, Chowdeck àti Glovo ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló sì ń rán ẹni tó máa gbé oúnjẹ lọ. Wọ́n ń yọ tiwọn nínú owó, ọwọ́ wọn náà ni oníbàárà wà. Ẹ lò wọ́n láti fi rí ẹni tuntun, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹyin sọ́dọ̀ wọn: Jumia Food àti Bolt Food kógbá sílé ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2023, ẹni tó gbójú lé wọn nìkan sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀.

Rẹ́dímẹ́ẹ̀dì

Shopify, Wix, àti WordPress pẹ̀lú WooCommerce rẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún kíkọ́ wẹ́bùsáìtì, bí aṣọ rẹ́dímẹ́ẹ̀dì ni wọ́n rí: ẹ mú un, ẹ wọ̀ ọ́, ó yá. Iléèwé, hòtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn ìnáwó, ọ́fíìsì lọ́yà, gbogbo ẹni tó jẹ́ pé kí aráyé rí òun, kí wọ́n mọ ohun tí òun ń ṣe, kí wọ́n sì pe òun ló ń wá, èyí tó wọn. Mo máa ń bínú tí mo bá gbọ́ pé wọ́n gba owó ńlá lọ́wọ́ iléèwé kékeré kan ní Àpáta fún iṣẹ́ tí WordPress ṣe dáadáa.

Ẹ bèèrè owó tí wọ́n fi ń gba owó oṣù. Dọ́là ni Shopify fi ń ka tirẹ̀. Kí ìjọba tó dá náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Oníṣòwò kò fi ọjà kan kún ọjà rẹ̀, owó oṣù wẹ́bùsáìtì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni WordPress fúnra rẹ̀, owó ibi tó ń gbé lẹ máa san, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba náírà fún ìyẹn sì wà nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá pa tì fún ọdún kan láìṣe àtúnṣe sí i, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á gba ibẹ̀ wọlé.

Ibi tí aṣọ yìí ti máa ń há èèyàn lápá ni àdírẹ́sì. Nọ́ńbà ilé, orúkọ títì, ZIP code: tí ẹ ò bá kọ ọ́, fọ́ọ̀mù náà ò ní jẹ́ kí ẹ kọjá. Ẹ wá wo àdírẹ́sì tí oníbàárà kan kọ ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́: “Ilé tó ní géètì funfun lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, Òkè-Àdó.” Ọlọ́kadà dé ibẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó gba rẹ́dímẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é fún yín, ẹ ní kó yọ ZIP code kúrò, kó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí a fi máa dá ilé mọ̀, àti nọ́ńbà fóònù kejì, torí ẹni tó rajà lè má sí nílé nígbà tí ọjà bá dé.

Ohun kejì ni àmì ohùn. Ẹ lè kọ “ẹ̀fọ́” sórí ọjà yín, bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, àmọ́ “efo” lásán ni ẹni tó ń wá a máa tẹ̀. Àní ẹni tó bá fi àmì sí i pàápàá, ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀. Lójú tiwa wọn kò yàtọ̀, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni. Wẹ́bùsáìtì tí wọn kò bá kọ́ ní èyí á ní ọjà náà kò sí, ó sì wà lórí àtẹ. Ẹ dán an wò: ẹ tẹ orúkọ ọjà kan láìfi àmì sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì.

Èyí tí wọ́n wọn ara yín rán

Ohun tí a ṣe fún Àlájà kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ. Ó máa ń ṣí ojú ewé kan fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan, á fi àwòrán aṣọ, iye yáàdì kan, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé sí i. Ìyá ìyàwó á gba líǹkì rẹ̀, á jù ú sínú gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ á kọ orúkọ ara rẹ̀ àti iye yáàdì tó ń fẹ́, ojú ewé náà á sì fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọkọ ìbáà san án, ọmọ ìbáà san án, owó tó bá ti bọ́ sínú àkáǹtì yẹn, ìdí orúkọ tó ni ín ló máa lọ. Ó lè san án díẹ̀díẹ̀. Ojú ewé náà á máa yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó kù. Ọ̀rọ̀ àlátì ayédèrú náà tán, torí ilé iṣẹ́ tó gba owó wọlé ló ń sọ fún wẹ́bùsáìtì pé owó dé. Fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́ kò ní agbára kankan níbẹ̀.

Ní ìnáwó àkọ́kọ́, Àlájà ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń wò ó lórí fóònù, ó ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Bó ṣe ṣe ìkejì nìyẹn. Ní ìkẹta, kò mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Kò sí rẹ́dímẹ́ẹ̀dì tí mo mọ̀ tó lóye aṣọ ẹbí báyìí. Ohun tó mú kí wíwọn rán tọ́ sí i nìyẹn: ọ̀nà tí òwò rẹ̀ ń gbà lọ kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Tí ti yín bá wà lórí àtẹ, ẹ má wọ̀n ọ́n rán.

Ẹ fi owó ìgbowówọlé sínú ìṣirò yín. Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ń yọ 1.5% pẹ̀lú ₦100 lórí owó tí wọ́n bá san nílẹ̀ yìí. Wọn kì í yọ ₦100 náà tí owó ọjà kò bá tó ₦2,500, gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Àmàlà ₦2,400, ₦36 ló bá a lọ. Ẹ bu ẹran kan kún un kó di ₦2,600, ₦139 ló bá a lọ. Kéèkì ₦10,000, ₦250. Aṣọ ₦200,000, ₦2,000 péré. Ẹni tó ń ta ohun tó wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Olóúnjẹ tí owó abọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ₦2,500 ló máa ń dùn jù. Irú olóúnjẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí tránsífà sí àkáǹtì àdáni, torí ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn.

Wẹ́bùsáìtì tí wọ́n bá ṣe dáadáa lè jókòó sójú fóònù bí áàpù, oníbàárà kò sì ní dé Play Store rárá. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ojú ewé tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2023 ni iPhone náà ti ń gbà kó máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ bí áàpù. Mo fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé áàpù làwọn ń fẹ́ kọ́kọ́ rí èyí. Kí ó fúyẹ́ ṣá o. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó 50% kún owó wọn. Ojú ewé tó kún fún àwòrán ńláńlá ń jẹ dátà oníbàárà yín, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Áàpù

Òun ló wù wọ́n jù, òun náà ni mo máa ń kọ̀ jù. Ẹ mú fóònù oníbàárà yín lọ́wọ́ kí ẹ wò ó: fídíò ìnáwó, fọ́tò ọmọ, wàásù, gbogbo rẹ̀ ti kún un dé ẹnu, fóònù náà sì ti ń sọ pé àyè ti tán. Ta ni yóò pa fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́ kí áàpù búrẹ́dì lè ráyè? Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí fún onílé búrẹ́dì kan. Ó rẹwà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló gbé e sórí fóònù. Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì náà ń rà á lọ́wọ́ ìyá tó ń gbé e lórí kiri. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo gba owó yẹn láìkọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì sọ̀rọ̀.

Owó tó yí i ká náà wà. Google ń gba $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó lè gbé áàpù sórí Play Store. Apple ń gba $99 lọ́dọọdún. Ẹ má sanwó fún áàpù méjì, ọ̀kan fún Android, ọ̀kan fún iPhone: Flutter ti Google àti React Native ti Facebook wà kí a lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Tí ẹnì kan bá sì ṣèlérí pé áàpù yín á wà lórí Play Store láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bi í pé àkáǹtì ta ni. Àkáǹtì aládàáni tí wọ́n bá ṣí lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ ní ẹni méjìlá tó máa fi ọjọ́ mẹ́rìnlá dán áàpù náà wò kí Google tó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ fò ó, àkáǹtì ara rẹ̀ tó ti pẹ́ ló máa lò, áàpù yín á sì di ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àwọn tó tọ́ sí wà, mo sì máa ń fi tayọ̀tayọ̀ ṣe tiwọn. Ẹ ro ti ẹni tó ń ta oògùn lọ́pọ̀ ní Agbeni, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké láti Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ń ra ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Áàpù á rántí ohun tí wọ́n rà kẹ́yìn, oníṣọ́ọ̀bù á kàn tẹ “bíi tẹ̀yìn”, á dín ọ̀kan kù, á fi méjì kún òmíràn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí ní Ṣakí, fóònù á di ìwé náà mú títí yóò fi dé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà tọ́ sí i: ọmọ ẹgbẹ́ á fẹ́ mọ iye tí òun ti dá àti èló ló kù nínú ẹ̀yáwó òun, oṣooṣù, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà míì, kì í tilẹ̀ í ṣe oníbàárà ló nílò áàpù. Ọlọ́jà kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbé ọjà rẹ̀ kiri lórí ọ̀kadà nìkan ni a ṣe é fún, ẹni mẹ́fà péré, ó sì wúlò ju ti ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ.

| | WhatsApp | Rẹ́dímẹ́ẹ̀dì | Wẹ́bùsáìtì tí wọ́n wọ̀n rán | Áàpù |
|---|---|---|---|---|
| Ẹni tó wà fún | ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tó fẹ́ nájà | ẹni tí kò tíì mọ̀ yín | ẹni tó fẹ́ rà kó sì san án tán | ẹni tó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ |
| Àkókò | òní | ọ̀sẹ̀ díẹ̀ | oṣù kan sí mẹ́ta | oṣù mẹ́ta sókè |
| Owó tí kì í tán | dátà | owó oṣù tàbí ti ọdún | ibi tó ń gbé, orúkọ rẹ̀, àtúnṣe | gbogbo ìyẹn, àti ti Apple |
| Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ | ẹ dúró | ẹ dúró | ohun tí wọ́n ti ṣí á ṣì wà | iṣẹ́ lè máa lọ, tí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ |

Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ibí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró sí. Ìyá kan tó ní iléèwé pè mí pé wẹ́bùsáìtì àwọn ti lọ, àsìkò ìgbaniwọlé sì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é fún wọn ti jápa. Orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ wẹ́bùsáìtì náà. Nígbà tí ọdún yí, ímeèlì yẹn ni ìkìlọ̀ ń lọ, kò sí ẹni tó ń kà á. Ẹlòmíràn ti rà á kí a tó dé ibẹ̀. Wọ́n ra orúkọ tuntun, wọ́n tún pátákó iwájú géètì kọ, wọ́n sì da ìwé ìpolówó páálí méjì nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ṣe é lọ́nà míì ni.

Nítorí náà, ímeèlì yín àti nọ́ńbà yín ni kí wọ́n fi ra orúkọ; .ng àti .com.ng ṣeé fi náírà rà. Àkáǹtì tó ń gbowó wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òwò yín. Kóòdù náà ńkọ́? Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, ẹni tó ṣe é ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di tiyín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kì báà ṣe ojú ìwé kan. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín náà ní òfin tó ń ṣọ́ wọn láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Tí wọ́n bá jí wọn lọ́nà tó lè pa oníbàárà lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi sọ fún àjọ tó ń mójú tó o.

Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta, kí ìdá tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín títí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù á fi bọ́ sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san èyí àkọ́kọ́ rárá, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fún yín wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀sán tí ọjà kún, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Ẹ bèèrè líǹkì ohun kan tó ṣe fún ẹlòmíràn lọ́dún tó kọjá. Ẹ ṣí i lórí fóònù tiyín, pẹ̀lú dátà tiyín, kí ẹ sì ra nǹkan kan níbẹ̀ títí ríṣíìtì á fi dé, kó máa wò yín.